Ohun tí ojú wa rí ní Orlando nígbà tí èrò ò pọ̀

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè

Ọdọọdún ni ìsinmi gígùn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó máa ń wọ inú oṣù Kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Florida, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí Orlando wà, ti máa ń padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn láti oṣù Kẹjọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí àwa bá kó ọmọ lọ sí Orlando ní ìparí oṣù Kẹjọ, àkókò tí èrò ò pọ̀ níbẹ̀ ni a máa ń bọ́ sí. Òjò máa ń rọ̀ ní ọ̀sán, ìgbà ìjì líle sì ni, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì ń dín owó, ìlà tí èèyàn ń tò kì í gùn, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọgbà ìgbafẹ́ náà sì máa ń dínwó, nítorí pé Walt Disney World àti Universal ń wo ọjọ́ kí wọ́n tó fi iye lé e. Ẹ̀dínwó tòótọ́ yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń sá pamọ́ sí lábẹ́. Ká ní oṣù Kejìlá ni ẹnìkan sọ fún mi pé òun ní tíkẹ́ẹ̀tì ìdajì owó ni, n kò ní dá a lóhùn. Ní oṣù Kẹjọ, mo gbà á gbọ́, torí èmi fúnra mi ti rí i pé ohun gbogbo ń wálẹ̀.

Ejẹ́ǹtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò wa, kò jìnnà sí òpópónà Bode Thomas. Ẹnìkan tí mo fọkàn tán ló júwe rẹ̀ fún mi. Ó ní òun ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ mẹ́rin fún èmi, bàbá wọn àti àwọn ìbejì, ₦1,150,000 fún gbogbo wa, ó sì ní kí n san owó náà sínú àkáǹtì tí ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, pé ti àbúrò òun ni. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti dúró. Mo sanwó, ó sì fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà.

Ẹni tó bá ti lọ sí Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Disney, mọ̀ pé ibi tí èèyàn ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ sí jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ kọjá adágún ńlá kan, bíi pé à ń ti Ìkòròdú bọ̀ wá sí Máríìnà, àwọn ọmọ sì ń kọrin títí a fi dé èbúté. Nígbà tí ó kan Táíwò, ó gbé bébà tirẹ̀ kan ẹ̀rọ, ó sì fi ìka lé e bí wọ́n ti ní kí ó ṣe. Iná tó yẹ kí ó di àwọ̀ ewé di búlúù. Ó tún un ṣe, ó tún di búlúù. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ara aṣọ, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ọwọ́ mi ló dọ̀tí ni?”

Òṣìṣẹ́ tó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò jágbe mọ́ wa. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á yé wa pé ojúlówó ni tíkẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti fi wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin, àmì ìka tiwọn ló sì wà lórí rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn. Òfin ìpínlẹ̀ Florida pàápàá ka títa àjẹkù tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. A ra ti ọjọ́ kan ṣoṣo lójú ẹsẹ̀, torí ojú àwọn ọmọ, àwọn ọjọ́ yòókù sì di ọjọ́ tí a fi ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí a padà dé Èkó, bánkì ní ẹni tó ni àkáǹtì náà ti kó owó náà kúrò tipẹ́.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé èèyàn lè tẹ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì sínú áàpù ọgbà náà láti inú yàrá rẹ̀ ní Súrùlérè níhìn-ín. Bí ó bá ti wà lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, áàpù náà kò ní gbà á. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí kí ẹ tó sanwó, bí ó bá sì kọ̀, ẹ dìde. Ní tèmi, n kò ní rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe lọ́wọ́ ọgbà náà fúnra rẹ̀.

Oníṣòwò kan, Ìdúmọ̀tà

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń nu ìka mọ́ aṣọ yẹn dùn mí wọ egungun.

Oṣù Kìíní ni èmi àti ìyàwó mi lọ ní tiwa, lẹ́yìn tí ariwo ọdún tuntun ti rọlẹ̀, torí ìgbà yẹn náà ni ọjà máa ń dákẹ́ ní Ìdúmọ̀tà. A wọ bààlúù láti Èkó dé Atlanta, a tún wọ òmíràn dé Orlando, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó dé òtẹ́ẹ̀lì wa ní International Drive. Ní àkókò òtútù wọn, wákàtí mẹ́fà ni aago Èkó fi ṣáájú tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí fóònù inú yàrá dún ní aago kan òru, aago méje àárọ̀ ni lára tèmi, mo sì gbé e bí ẹni tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kún fún ọ̀wọ̀ ní òun ń pè láti ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, pé kọ̀ǹpútà wọn ti dákú, àkọsílẹ̀ àwọn àlejò sì ti sọnù, kí n jọ̀wọ́ ka nọ́ńbà káàdì mi fún òun. Ó pe nọ́ńbà yàrá mi láìṣì í. Mo ti ka mẹ́rin àkọ́kọ́ kí ìyàwó mi tó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Bàbá Bísí, ìgbà wo lẹ̀yin ti pe oníbàárà yín lóru rí nítorí owó tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án?”

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo wọ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní gbọ̀ngàn náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń tàn rokoṣo níwájú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó pè mí láti ọ̀dọ̀ àwọn. Láti ìta ni àwọn èèyàn náà ti máa ń pe nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á ní kí wọ́n so àwọn mọ́ yàrá kan tí wọ́n kàn dá orúkọ rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá nílò ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ní kí ó wá.

Nígbà tí mo padà sókè ni mo tó ṣàkíyèsí bébà aláràbarà kan tí wọ́n ti bọ abẹ́ ilẹ̀kùn wa, àwòrán pizza àti nọ́ńbà fóònù ló wà lára rẹ̀. Mo mú un lọ fún obìnrin náà ní àárọ̀. Ó fà á ya lójú mi: ẹni tó bá pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á ka káàdì rẹ̀ fún wọn tán, pizza ò sì ní dé.

Olùkọ́ kan, Yábàá

Tèmi kì í ṣe olè lójú òfin, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó ṣòro láti yẹra fún. Àgọ́ kan wà lójú ọ̀nà 192 ní Kissimmee, ìlú kan nítòsí Orlando, tí wọ́n kọ “tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́” sí lára, obìnrin tó wà níbẹ̀ sì ní kí èmi àti ọkọ mi kàn wá jẹun àárọ̀ kí a sì gbọ́ àlàyé fún 90 ìṣẹ́jú. A wọlé ní aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́ta ọ̀sán ku díẹ̀ kí a tó jáde. Timeshare ni wọ́n ń tà, ìyẹn ìpín nínú ilé ìsinmi tí èèyàn á máa lò fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, tí á sì máa san owó ìtọ́jú rẹ̀ bó lò ó, bí kò lò ó. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ sú, òmíràn á gba ipò rẹ̀, owó náà á sì tún wálẹ̀ sí i, wọ́n á ní nítorí pé èrò ò sí ní oṣù yìí ni. Ó rẹ̀ wá, ebi ń pa wá, a fọwọ́ sí i, a sì fi káàdì san owó àsansílẹ̀.

Ní òru ni ọkọ mi ka ìwé àdéhùn náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó wà níbẹ̀ kedere pé òfin Florida fún ẹni tó bá ra irú ìpín bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 10 láti fagi lé e lọ́nà ìwé. Ẹni tó tà á fún wa ti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a fọwọ́ sí ti mú ẹ̀tọ́ yẹn kúrò. Irọ́ ni. Òfin náà sọ pé asán ni ìwé èyíkéyìí tí wọ́n bá fi gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ oníbàárà. A kọ lẹ́tà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, a san owó kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a sì tọ́jú ríṣíìtì rẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó wa padà sórí káàdì.

Àǹtí kan, Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un. Disney ní ọgbà omi méjì, Typhoon Lagoon àti Blizzard Beach, wọ́n sì sábà máa ń ti ọ̀kan pa láti tún un ṣe ní àkókò òtútù. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ọgbà náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín kò ní ṣí ojú ewé yẹn hàn yín.

Ní ti ilé àyágbé, ọkùnrin kan fi àwòrán ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní Kissimmee hàn mí, pẹ̀lú adágún ìwẹ̀ nínú àgbàlá, ó ní torí àkókò yìí ni òun ṣe ń gba díẹ̀, kí n sì fi owó náà ránṣẹ́ tààrà sí òun, kí àwọn tó ni ìkànnì tí wọ́n ti ń yá ilé má baà yọ owó tiwọn nínú rẹ̀. Mo bi í ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ ilé náà, torí ìpínlẹ̀ Florida kì í gbà kí wọ́n máa fi odindi ilé yá àlejò onígbà díẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ DBPR, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń fún àwọn oníṣòwò ní ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ nọ́ńbà náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ka ọ̀rọ̀ mi, mo rí àmì búlúù méjèèjì. Oṣù mẹ́ta rèé, kò tíì fèsì.