Ẹja trout nínú odò orí òkè níbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé: ẹ bá mi dá sí i

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ní ọ̀pá, mo ti gba ìwé àṣẹ ìpẹja. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lórí òkè. Sátidé ni mo fẹ́ lọ, mo sì fẹ́ dé etí odò kí ilẹ̀ tó mọ́. Kòkòrò àtọwọ́dá tó ń léfòó ni mo rà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Kí ilẹ̀ tó mọ́ kẹ̀? Ta lo fẹ́ lọ jí? Bí omi bá ṣe tutù sí ni ara ẹja ṣe ń tutù sí. Tí omi bá wà ní ìwọ̀n 4 Celsius, trout ò ní lé oúnjẹ kiri. Tó bá gun 7 tàbí 8, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ra tẹ̀mómítà, so ó mọ́ okùn, kó o tì í bọ inú omi. Sùn dáadáa, aago 11 sí aago 3 ọ̀sán lọjà ń tà. Àmọ́ tí oòrùn bá mú jù, omi yìnyín lè ya wọ odò lọ́sàn-án. Tó o bá rí i tí odò ń kún tó sì ń dọ̀tí, gòkè kíá.

Àǹtí Ẹlẹ́ja: Ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn ńkọ́? Lásìkò yìí, ìsàlẹ̀ loúnjẹ wọn pọ̀ sí, àwọn ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́. Yí òkúta kan padà létí odò, wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, kó o wá mú èyí tó jọ ọ́. Nymph, ìyẹn kòkòrò àtọwọ́dá tó jọ wọn, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tungsten (irin tó wúwo) lórí lèmi ń lò, torí ó ń tètè rì. Fi ibi tí omi ti ń sáré pariwo sílẹ̀. Ibú ni kó o wá, ẹ̀yìn àpáta, àti ibi tí omi tó ń sáré ti kan èyí tó ń rọra lọ. Ẹja ń sinmi níbẹ̀, oúnjẹ ń wá bá a. Jù ú sápá òkè odò, kó máa bá omi bọ̀ bí ewé tó já. Tí okùn bá ń fà á, ẹja ò ní wò ó, nítorí náà máa gbé okùn tó wà lójú omi padà sápá òkè. Tí kò bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì jìn tó. Má retí kí ẹja já a gbà o! Okùn á kàn dúró díẹ̀ ni. Gbé ọ̀pá sókè lójú ẹsẹ̀.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé kí n kúkú fi èyí tó ń léfòó sílé?

Bàbá Ìbejì: Rárá, mú un dání. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, Baetis, irú kòkòrò kan tó ń dàgbà nínú omi, lè máa fò jáde lọ́sàn-án. Kékeré ni wọ́n, ìwọ̀ nọ́ńbà 18 tàbí 20. Tó o bá rí imú ẹja lójú omi, pààrọ̀.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ò sọ ti ààbò. Tó o bá wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, di bẹ́líìtì mọ́ ọn pinpin kí omi má bàa kún inú rẹ̀ tó o bá ṣubú. Mú igi dání. Ìgbà ìrúwé ni rainbow trout sábà máa ń yé ẹyin: ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, má tẹ̀ ẹ́. Fi omi rin ọwọ́ kó o tó fọwọ́ kan ẹja tó o fẹ́ dá padà. Kó o sì ka ìwé àṣẹ yẹn dáadáa, torí wọ́n ń ti apá ibòmíì lásìkò yìí.

Àbíkẹ́yìn: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á mà. Apá òkè ṣì wà ní títì, apá ìsàlẹ̀ ló ṣí. Ibẹ̀ ni n ó lọ, lẹ́yìn aago 10.