Iná tí mo fi ń lo kọ̀ǹpútà lóko, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kú sínú igbó

Abúlé wa wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó, téèyàn bá ti jáde ní Ilé-Ifẹ̀. Òpó iná wà níbẹ̀, wáyà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iná lè lọ lónìí kí ọ̀sẹ̀ yí po kó tó dé. Kòkó ni mo fi ń jẹun. Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ràn. Inú mi máa ń dùn kí n tú u, kí n tún un tò, kí n kọ ètò sínú rẹ̀ kó sì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, apá wa ò ká jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba epo tí a bá rí rà, ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn sí kòkó ló ni ín.

Ìmọ̀ràn mi fún ará oko: ẹ má kọ́kọ́ wá iná ńlá, ẹ wá kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ iná. Raspberry Pi ni mo ń lò, pátákó kékeré tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Fóltì 5 ló ń gbà, tèmi kì í sì sábà ju wáàtì 5 lọ. Bátìrì mi, tí páńẹ́lì oòrùn ń fún níná, jẹ́ fóltì 12, ìwọ̀n iná tó ń gbà sínú jẹ́ 18Ah (ampere-hour). Ẹ sọ 12 di ìlọ́po 18, ó di wáàtì-wákàtí 216. Bátìrì olómi-ásíìdì kì í fẹ́ kí a fà á kọjá ìdajì, nítorí náà ẹ mú 108, kí ẹ pín in sí 5. Ká tiẹ̀ yọ èyí tó ń ṣòfò, n óò lò ó fún nǹkan bíi wákàtí 18 láìsí oòrùn rárá. Mi ò fi ínfátà sí i. Ínfátà á sọ 12 di 220, ṣájà á tún sọ 220 di 5, iná á sì ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì. Buck converter olówó pọ́ọ́kú ló ń sọ 12 di 5 tààrà.

Èkó ni mo ti ra ẹrù náà. Ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907 kò yà sí Ifẹ̀, kò sì tíì yà títí dòní. Ṣùgbọ́n páńẹ́lì onígíláàsì kò ṣeé rọ sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú àpò gàrí, ni mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin dé ìhà Ìbàdàn, kí n lè wọ mọ́tò Ifẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbéra. Nígbà tó gbéra tán, ó kú sáàárín igbó, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣe é fún wa. Fóònù àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìyá kan tó jókòó tì mí ń sunkún: ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń dúró dè é ní ibùdókọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ.

Mo tú ẹrù. Bátìrì tuntun máa ń ní iná díẹ̀ nínú, charge controller tí mo rà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láàárín páńẹ́lì àti bátìrì, sì ní ojú USB méjì. Bàbá kan yá mi ní ọ̀bẹ, mo fi bó orí wáyà, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ de ìṣó. Ìmọ́lẹ̀ tàn lójú charge controller náà. Fóònù ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ so. Ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kó padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà làwọn tó kù tò. "Bọ̀dá, èló lẹ ra nǹkan yìí?" Mo ń dá wọn lóhùn títí ọkọ̀ fi tún gbéra.

Nílé, àwọn ọmọ abúlé ń wá ka Wikipedia èdè Yorùbá lórí fóònù láìsí dátà, nípasẹ̀ Kiwix, ètò kan tó ń tọ́jú Wikipedia pamọ́, tí mo fi sínú Pi náà. Káàdì SD máa ń bàjẹ́ bí iná bá já lójijì, nítorí náà mo so INA219, ẹ̀rọ kékeré kan, mọ́ ọn láti máa ka fóltì bátìrì. Bí bátìrì bá wálẹ̀ dé 12.1, ètò tí mo kọ á pa kọ̀ǹpútà jẹ́ẹ́jẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú páńẹ́lì láràárọ̀. Lásìkò òjò ni ọ̀rọ̀ ṣì le fún mi, ìkùukùu lè bo oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan léraléra. Ẹni tó bá ti lo bátìrì lítíọ̀mù lóko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe sí yín.