Àbọ̀ ìrìn wa sí Oníkàn pẹ̀lú àwọn ọmọ

Mo bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún méje lè fara da ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Èkó. A ti lọ, a sì ti bọ̀: wọ́n fara dà á dé ìwọ̀n kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a kọ́kọ́ dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1957, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1976 ni kò jẹ́ kí èyí ẹ̀gbọ́n kúrò lójú kan. Ó ń fi ìka ka ihò ọta ìbọn lókèèrè, ó sì bi mí léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹnu mi wọhò.

Nígbà tí a dé Ibùdó John Randle, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àṣà àti ìtàn Yorùbá tó wà nítòsí, tí mo sì ṣàlàyé pé Dókítà Randle kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ lọ́dún 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè rí ibi kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, àbúrò ti ń tú bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo ṣe: mo gbàgbé kúlà ìrẹsì sórí tábìlì nílé, gúgúrú àti ẹ̀pà ni a sì fi pa ebi títí a fi padà sílé. Mo ti rí ìdáhùn mi. Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé síbí.