Ẹ gbà mí o: rédíò olójú gbàǹgbà ni kí n rà, Garmin tòkunbọ̀ ni, àbí fóònù tó?

ÌYÁ ẸLẸ́YIN (ÌBÀDÀN)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹyin ni mò ń tà. Ẹ̀yìn Mọ́níyà ni oko tí mo ti ń kó o wà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la sì ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ìṣẹ́yìn, Òkèhò títí dé Ṣakí. Dẹ́rẹ́bà mi àtijọ́ mọ gbogbo ọ̀nà yẹn bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, kò mọ ibì kankan ju Ìwó Róòdù sí Dùgbẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ń tẹ̀lé máàpù orí fóònù rẹ̀. Nígbà tó kọjá Òkèhò, ó ní obìnrin inú fóònù ní kí òun yà sí òsì. Ó yà. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó di ọ̀nà alùpùpù, ó di ọ̀nà ẹsẹ̀, ó parí sí etí odò. Kó tó fi ẹ̀yìn wa bọ́ọ̀sì jáde nínú oko pákí olóko, kíréètì mọ́kàndínlógún ti fọ́ yángá. Ọgbọ̀n ẹyin ló wà nínú kíréètì kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹni tó ń ta rédíò ọkọ̀ ní kí n ra rédíò olójú gbàǹgbà tó ní GPS nínú, ìyẹn ohun tó ń ti ara sátẹ́láìtì mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Garmin tòkunbọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń júwe ọ̀nà nínú ọkọ̀, ló dára jù. Ọmọ mi obìnrin ní kò sí ohun tó jọ ọ́, kí n ra dátà tó pọ̀ sórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò sí nínú igbó yẹn ni màá máa ra dátà fún? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé abèèrè kì í ṣìnà. Etí odò yẹn, ta ni kó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́?

BÀBÁ WÁLÉ
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́yin. Ẹ ra tracker. Ó wà lára ọkọ̀ tèmi, ibikíbi tí ọkọ̀ bá wọlé sí ni mò ń rí lórí fóònù mi.

ÌYÁ ẸLẸ́YIN
Ẹ ṣé o, Bàbá Wálé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi ò sọnù, ẹni tó ń wà á ló sọnù.

AKIN ONÍFÓÒNÙ (ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́)
Ẹ kú àdánù, ìyá wa. Kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù. Tracker tí Bàbá sọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ló ń sọ̀rọ̀ fún: GPS sọ ibi tó wà fún un, ó fi síìmù tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Kò ní sọ fún dẹ́rẹ́bà pé yà sí ọ̀tún. Èyí tẹ́ ẹ ń wá ni èyí tó ń júwe ọ̀nà.

GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà rárá. Sátẹ́láìtì tó wà lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà, ló ń ké, fóònù kàn ń gbọ́ ni, kì í dá a lóhùn. Ti àwọn Amẹ́ríkà ló ń jẹ́ GPS, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ń gbọ́ ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ dátà ni àwòrán máàpù tí ẹ ò tíì gbé sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti fi Wi-Fi ilé gbé e sílẹ̀ láti alẹ́ àná, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ síbi tó bá wù ú.

Ibi tó ti ń mú èèyàn ni pé fóònù tó ti pa GPS rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, máa ń pẹ́ kó tó mọ ibi tó wà. Sátẹ́láìtì kì í yára sọ̀rọ̀, bíìtì 50 péré (bíìtì ni ẹyọ ìròyìn tó kéré jù) ló ń sọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó ka ìròyìn gbogbo sátẹ́láìtì yòókù tán, ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ ti lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń bá fóònù gé e kúrú. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń to kíréètì sínú ọkọ̀ lóko, kó ti ṣí máàpù sílẹ̀ níta gbangba, kì í ṣe lábẹ́ páànù ilé adìyẹ.

DẸ́RẸ́BÀ TÍRÉLÀ (MANCHESTER)
Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ẹ̀gbọ́n mi. Tírélà ni mò ń wà níbí, Garmin ló sì wà níwájú mi, èyí tí wọ́n ń pè ní dēzl. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rà á, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ rà á.

Afárá rélùwéè pọ̀ ní ìlú Òyìnbó yìí, àwọn mìíràn sì ti wà níbẹ̀ kí tírélà tó dáyé. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá kéré sí mítà 5.03, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 16 àti íǹṣì 6, wọ́n á kọ gíga rẹ̀ sára rẹ̀. Ẹ̀yìn tírélà tí mò ń fà lè ga tó mítà 4.9. Máàpù Google ò bi mí rí bí ọkọ̀ mi ṣe ga tó. Dēzl bèèrè: gíga, gígùn, ìwọ̀n ẹrù, kó tó yan ọ̀nà. Tí mo bá fi orí ọkọ̀ gbá afárá, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Afárá wo ni bọ́ọ̀sì ẹlẹ́yin fẹ́ gbá láàárín Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí?

Ti tòkunbọ̀ yẹn, ẹ sá fún un. Máàpù ibi tí wọ́n ti lò ó ló wà nínú rẹ̀. Ẹ óò tàn án ní Òkèhò, á rí sátẹ́láìtì dáadáa, á sì fi yín sáàárín pápá òfìfo. Mo mọ ẹnì kan tó ra ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé, máàpù wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ń yọ̀. Ó tẹ àdírẹ́sì sí i ní Ìkẹjà, máàpù ní kó mú ìpínlẹ̀ kan nínú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun mìíràn tún ni pé nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tí GPS ń kà padà sí òdo ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2019. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tún sọ́fúwíà wọn ṣe ò mọ ọjọ́ òní mọ́.

TÚNJÍ RÉDÍÒ (ÌBÀDÀN)
Èmi ni mo ń de rédíò olójú gbàǹgbà, n ò sì ní torí owó purọ́ fún yín. Ó dára lóòótọ́. Ojú rẹ̀ tóbi, inú sípíkà ọkọ̀ ni ohùn ti ń jáde, dẹ́rẹ́bà ò sì ní máa wolẹ̀ wo fóònù. Àmọ́ èyí tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 1GB tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ẹ óò ti kọjá oríta kó tó ní kẹ́ ẹ yà. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan náà sì ń fa wàhálà: eriali GPS rẹ̀, nǹkan dúdú kékeré tó ní mágnẹ́ẹ̀tì lábẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin lẹ́yìn rédíò. Irin ló ń wò, kò rí ojú ọ̀run. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ gíláàsì, ló yẹ kó wà. Máàpù inú rẹ̀ ńkọ́? Android náà ni. Ohun tí ẹ máa gbé sínú fóònù náà ni ẹ máa gbé sínú rẹ̀.

ÀṢÀKẸ́ AYÀMÁÀPÙ (ÒṢOGBO)
Túnjí ti bá mi dé ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ ní etí odò yẹn. Fóònù mọ ibi tí dẹ́rẹ́bà wà gẹ́lẹ́. Máàpù ni kò mọ irú ọ̀nà tó wà níwájú, tàbí kó mọ̀ kó má sì mọ̀ pé ẹyin lẹ kó.

Ìyá, ohun tí ẹ máa fi yan máàpù nìyí: ǹjẹ́ ó gbà kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ ọ̀nà eléruku? Google á jẹ́ kẹ́ ẹ yẹra fún ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó, òpópónà márosẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ti ọ̀nà tí kò lọ́dà níbẹ̀. Ó wà nínú Organic Maps, ó wà nínú OsmAnd. Áàpù máàpù ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orí OpenStreetMap ni wọ́n sì ti ń mú ọ̀nà wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, àwa èèyàn lásán la sì ń yà á. Èmi náà ti ya ọ̀pọ̀ àdúgbò níbí. Organic Maps ni kẹ́ ẹ gbé fún ẹni tó kàn fẹ́ wakọ̀. OsmAnd mọ nǹkan púpọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ yín.

N ò ní tàn yín o. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kọ ọ́ sórí ọ̀nà kan pé erùpẹ̀ ni, àwọn méjèèjì á kàn méfò ni. Òkè-Ògùn sì ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti Èkó, tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Róòdù, Google ni kẹ́ ẹ lò, torí òun ló mọ ibi tí ọkọ̀ dúró sí báyìí.

Ó ku ìbéèrè kan. Lókè máàpù tí àbúrò ọkọ yín lò, ṣé àwòrán ọkọ̀ ló wà níbẹ̀ ni àbí ti alùpùpù? Láti 2019 ni Google ti mú ti alùpùpù wá sí Nàìjíríà, ó sì lè gba ibi tí mọ́tò ò lè gbà.

ÌYÁ ẸLẸ́YIN
Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n pè é.

ÌYÁ ẸLẸ́YIN
Mo ti pè é. Mo bi í léèrè, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú." Ọ̀kadà ló ń gùn kó tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Alùpùpù ló wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn, kò fọwọ́ kàn án. Ẹyin 570!

BÀBÁ WÁLÉ
Háà! Fóònù ń gun ọ̀kadà nínú bọ́ọ̀sì.

AKIN ONÍFÓÒNÙ
Ẹ má torí ìyẹn fi fóònù tirẹ̀ ṣe ti iṣẹ́ o. Ẹ wá Android kan tẹ́ ẹ ti pa tì sílé, tí GPS rẹ̀ ṣì ń gbọ́, kó jẹ́ ti ọkọ̀. Kò nílò síìmù. Máàpù tí fóònù ń fọhùn pẹ̀lú rẹ̀ ń mu bátìrì bí omi, nítorí náà ṣájà inú ọkọ̀ tó lágbára ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti ojú títì. Ẹ má sì gbé e sójú oòrùn lẹ́yìn gíláàsì, á gbóná, á pa ara rẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn AC ti ń jáde ló yẹ ẹ́.

ÌYÁ ẸLẸ́YIN
Ilé oníbàárà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní nọ́ńbà ilé. "Lẹ́yìn igi mángòrò" ni àdírẹ́sì wọn.

ÀṢÀKẸ́ AYÀMÁÀPÙ
Kí wọ́n dúró ní ẹnu géètì wọn gan-an, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i nínú Organic Maps, ẹ fi orúkọ wọn pa á mọ́. Ìgbà kan péré ni. Tí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà méjì tí máàpù fi ń mọ ibi tó wà ránṣẹ́, ẹ má yí wọn padà. Ti Ṣakí, 8 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà àkọ́kọ́, 3 ló bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bẹ́ ẹ bá fi 3 ṣíwájú, erékùṣù Bioko lẹ máa bá ara yín, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Fernando Po láyé àtijọ́. Ẹ ò ní rí oníbàárà kankan níbẹ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́YIN (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Fóònù àtijọ́ ọmọ mi la lò. Organic Maps ló wà nínú rẹ̀, a sì ti ní kó yẹra fún ọ̀nà eléruku. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe ló gbà, ó dán, kò sí wàhálà. Kíréètì tó fọ́ ò ju méjì lọ, ìyẹn sì jẹ́ torí ewúrẹ́ tó sáré gba iwájú ọkọ̀. Oníbàárà kan ní Ilérò dúró sí mọ́ṣáláṣí kó tó fi ibi tó wà ránṣẹ́, la bá gbé ẹyin lọ fún lèmọ́mù. Lèmọ́mù rà á, ó sì ní ká máa bọ̀.

Àṣàkẹ́, ọ̀nà oko mẹ́ta wà tí máàpù ò mọ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi wọ́n hàn ọ́?

ÀṢÀKẸ́ AYÀMÁÀPÙ
Ẹ jẹ́ kó gbé OsmAnd sínú fóònù, kó tẹ ibi tó ń gba ipa ọ̀nà sílẹ̀ nígbà tó bá ń wọ oko, kó dá a dúró nígbà tó bá jáde. Fáìlì GPX, ìyẹn àkọsílẹ̀ ipa ọ̀nà tó gbà, ló máa fún yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì sọ fún mi èyí tó lọ́dà nínú wọn àti èyí tó jẹ́ erùpẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni màá yà á.

ÌYÁ ẸLẸ́YIN
Ó ti ń gbà á sílẹ̀ láti àárọ̀. Túnjí, nǹkan tó gbé fóònù dúró níbi AC yẹn, gbogbo ihò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí ló ń já bọ́. Irú èwo lẹ ní ní ṣọ́ọ̀bù?