Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ sínú Grand Canyon rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Tíṣà Kábà:
Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Phoenix ní Amẹ́ríkà ní kí n wá kí òun lóṣù Keje, ó ní a ó jọ sọ̀kalẹ̀ sínú Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Arizona níbẹ̀. Ó fi fídíò ibẹ̀ ránṣẹ́. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún 62 ni mí, àmọ́ ní gbogbo Sátidé ni mo ń gun òkè ẹ̀yìn ilé wa, mi ò sì mí hẹlẹ. Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní bí mo bá ṣubú síbẹ̀, ta ni yóò gbé mi? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè dé odò tó wà nísàlẹ̀ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà? Ṣé kánfáàsì mi tó bàtà ibẹ̀?

Ìyá Tólá Ìsánlú:
Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú sí Màmá, tiwọn ló tọ̀nà. Mo ti padà sílé báyìí, àmọ́ ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Arizona.

Òkè tiwa, gígùn ni ẹ ó kọ́kọ́ gùn. Bó bá rẹ̀ yín láàárín, ẹ ó yí padà, ọ̀nà á sì máa tì yín lọ sílé. Tibẹ̀ yẹn, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá. Ẹsẹ̀ á máa sáré, ẹ ó rò pé ọmọ ogún ọdún ni yín. Ìgbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ ni gbèsè á kan ilẹ̀kùn. Wákàtí kan tí ẹ bá fi sọ̀kalẹ̀, ẹ ya méjì sọ́tọ̀ fún gígùn rẹ̀. Ọ̀gbun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó máìlì kan láti etí rẹ̀ dé odò Colorado, ooru ìsàlẹ̀ sì ń kọjá 40°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bí oṣù Keje tí ẹ fẹ́ lọ yìí. Àwọn aṣọ́gbà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ti kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má lọ dé odò kó tún padà lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lóṣù Kẹfà ni mo gba Bright Angel, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun náà. Wọ́n ní kí n mumi, mo mumi. Oúnjẹ ń rí mi lára, mi ò jẹ nǹkan kan. Nígbà tí mo ń gòkè bọ̀, òrùka mi ò yí lọ́wọ́ mọ́, ìka ti wú. Orí ń fọ́ mi, mo ń bì, omi lásán ló sì ń jáde. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo tún gbé ìgò sẹ́nu! Obìnrin aṣọ́gbà kan bá mi níbẹ̀. Kò bi mí pé mélòó ni mo ti mu, ó bi mí pé kí ni mo jẹ. Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní bisikíìtì oníyọ̀, ó ní kí n jókòó síbòòji. Omi ló ti pọ̀ ju iyọ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì lè pààyàn. Èmi nọ́ọ̀sì o! Ojú tì mí.

Nítorí náà, ẹ máa jẹ ohun oníyọ̀ bí ẹ ti ń mumi. Òógùn ibẹ̀ máa ń gbẹ kó tó hàn, bí ìgbà ọyẹ́ níbí. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, ẹ má ṣe rìn níbi tóòrùn ti mú. Ilé ìsinmi àkọ́kọ́ ní Bright Angel, bíi 2.4 km sísàlẹ̀, tó yín. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ páìpù rẹ̀ ń bẹ́ ṣáá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀nà mìíràn tó ń sọ̀kalẹ̀, South Kaibab, ò ní omi rárá.

Kánfáàsì? Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti dán. Kí ẹ sì gé èékánná ẹsẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ á máa ti ọmọ ìka mọ́ orí bàtà, tèmi méjì ló dúdú.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Bàbá, ẹ fi èyí kún un: bí ìbaaka bá ń bọ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ má dúró sétí ọ̀gbun. Oṣù Keje sì ni òjò àrá wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa rọ̀ lọ́nà jíjìn kí omi sì wọ́ dé bá yín nínú ipadò gbígbẹ, lábẹ́ òòrùn gangan. Fóònù kì í sábà gbà nísàlẹ̀. Ẹ má fún ọ̀kẹ́rẹ́ lóúnjẹ, wọ́n ń géni jẹ.

Bàbá Tíṣà Kábà:
Ìyá Tólá, o ṣé. Mo kà á sétí ìyàwó mi, kò tíì rẹ́rìn-ín tán. Ilé ìsinmi àkọ́kọ́ la ó dé, mo ti sọ fọ́mọ. Ó kù ẹyọ kan: kajú tí a yan níyọ̀ níbí, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé e wọlé?

Ìyá Tólá Ìsánlú:
Tó bá ti jẹ́ yíyan, ẹ ṣáà sọ fún wọn ní pápákọ̀ òfuurufú pé ẹ gbé e dání. Ẹ di tèmi náà sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.