Ẹ gbà mí o, wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró kan ni màá fi máa mí

Àyìnkẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ òógùn àtẹ́lẹwọ́ níbí? Tuesday ni tèmi. Dókítà tó máa kùn mí lóorun pè mí lánàá, ó ní tí mo bá ti sùn wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró kan fún pọ̀ kí wọ́n lè ráyè rí iṣan tó ń mú ọwọ́ làágùn tí wọ́n fẹ́ gé. Ṣé ìkan á tó mí báyìí? Mi ò tíì fojú kan oorun.

Ìyá Ìbejì: Fọkàn balẹ̀ ọmọ mi, mo ti ṣe é. Abíyá ni wọ́n gbà wọlé, ojú ọgbẹ́ kékeré báyìí. Wọ́n máa lẹ nǹkan tó ń wọn ìgbóná mọ́ ẹ lọ́wọ́, tí iṣan yẹn bá ti gé ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀. Ṣùgbọ́n má mu tíì láàárọ̀ o! Èmi mu ún pẹ̀lú mílíìkì, wọ́n ní kí n máa lọlé.

Bọ̀dá Láyí: Wọ́n fìyà jẹ yín ni, tíì kì í ṣe oúnjẹ. Èmi mu omi títí ó fi ku wákàtí 2.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Bọ̀dá, omi lásán lẹ mu, mílíìkì ti di oúnjẹ, wákàtí 6 nìyẹn. Téèyàn bá bì lójú oorun ó lè gba ọ̀nà èémí wọlé. Àyìnkẹ́, rọ́bà ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n sábà ń tì bọ ọ̀nà èémí, ẹnu kan fún ẹ̀dọ̀fóró kan, wọ́n á dí ọ̀kan, àwọn míì kàn ń fẹ́ gáàsì díẹ̀ sáyà. Ọ́síjìn lè wálẹ̀, bípì náà lè wálẹ̀, ìdí tí dókítà oorun kì í fi kúrò lórí ẹ nìyẹn. Kí wọ́n tó rán an wọ́n á fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró padà. Sọ jínótáìpù ẹ fún wọn, tó bá jẹ́ SS ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ọ́síjìn tó bá dín kù lè fa kíráísìsì. Asthma, sìgá, àgbo, má fi ìkankan pamọ́.

Bọ̀dá Láyí: Mo gbà. Àmọ́ òógùn ọwọ́ mi kó lọ sẹ́yìn ni, ṣẹ́ẹ̀tì mi ń rin bí ẹni òjò pa.

Ìyá Ìbejì: Houston yín ló ń ṣe yín, ẹ wá sí London kẹ́ ẹ gbẹ 😂

Bọ̀dá Láyí: London tẹ́ ẹ ti ń to láìnì ilé ìwòsàn dọdún tó ń bọ̀?

Àyìnkẹ́: Ẹ ṣé o. Màámi ni ǹ bá fẹ́ rí tí mo bá lajú, ó kàn jìnnà ni. Ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe apá méjèèjì?

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ kan náà ni tèmi. Ìlú wo lo wà? Tó bá jẹ́ ìtòsí, màá wá jókòó tì ẹ́.