Ṣé kọ́mpóòsì lè tún ilẹ̀ tí òjé àti kádímíọ̀mù ti bà jẹ́ ṣe?

Ọlọ́gbàẸ̀fọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀. Ilẹ̀ kan ló wà lẹ́yìn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà olójé kùn. Ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 20. Èsì àyẹ̀wò rẹ̀ rèé: òjé 310 mg/kg (mìlígíráàmù nínú kílò ilẹ̀ kan), kádímíọ̀mù tóun náà jẹ́ mẹ́táàlì olóró 2 mg/kg, pH (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) 5.4. Ẹ̀fọ́ la fẹ́ gbìn síbẹ̀. Kọ́mpóòsì (ajílẹ̀ tí wọ́n fi ohun tó ti jẹrà ṣe), èèpo ẹyin àti ìyẹ̀fun egungun wà nílẹ̀. Kílò mélòó ni ká dà sí i, èwo ló sì máa kọ́kọ́ wọlẹ̀? Ṣé wọ́n á fa òjé náà kúrò pátápátá?

Èédú_Lọ̀:
Wọn ò ní fà á kúrò o. Òjé kì í jẹrà. Ohun tí kọ́mpóòsì ń ṣe ni pé ó ń dì í mú kí gbòǹgbò má baà rí i fà mu. Torí náà, tẹ́ ẹ bá máa tún àyẹ̀wò ṣe, ẹ má wo àpapọ̀ òjé nìkan, torí kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ ní kí wọ́n fi kẹ́míkà tí wọ́n ń lò ní ilé àyẹ̀wò, ìyẹn DTPA tàbí calcium chloride 0.01 M, yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ mọ èyí tó ṣì lè yọ́ sínú omi. Iye yẹn ló yẹ kó wálẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Mítà onígun mẹ́rin 20, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ wọlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15, á wúwo tó nǹkan bíi kílò 3,900. Kọ́mpóòsì 5% jẹ́ kílò 195 ní gbígbẹ. Tí 40% rẹ̀ bá jẹ́ omi, ẹ máa nílò kílò 325. Tẹ́ ẹ bá rí biochar, ìyẹn èédú tí wọ́n ń dà sí ilẹ̀ oko, 2% jẹ́ kílò 78. Ẹ lọ̀ ọ́ kó kéré ju mìlímítà 2 lọ.

Egungun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà, gíráàmù 350 sí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òjé, wọ́n á sì di ohun tó le bí òkúta, tí wọ́n ń pè ní pyromorphite. Ilẹ̀ tó kan ni egungun ti ń yọ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ tètè da èèpo ẹyin. Ẹ jẹ́ kó rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó má kàn kún fún omi. Lẹ́yìn náà ni kọ́mpóòsì àti èèpo ẹyin, gíráàmù 300 èèpo ẹyin sí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ gún èèpo náà kó kúnná bí ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n kàn fọ́ wẹ́wẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan láì yọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ wọn pH: 6.5 sí 7 la ń wá. Kádímíọ̀mù ni èyí wà fún jù, torí bí pH bá ti tún já wálẹ̀, ṣe ló máa ń tú sílẹ̀.

Yẹ̀ẹ́wò_Kóo_Tó_Dà:
Ẹ dúró ná! Ásẹ́níìkì, májèlé tó máa ń wà nínú ilẹ̀ míì, ńkọ́? Èsì yín ò dárúkọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sára igi eléso ní òjé àti ásẹ́níìkì pọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú egungun máa ń ti ásẹ́níìkì kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, pH tó bá ga náà sì ń tú u sílẹ̀. Ohun tó ń di òjé mú gan-an ló ń tú èyí sílẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó da egungun kankan. Bí kànga tàbí odò bá sì wà nítòsí, ẹ má da egungun síbẹ̀ rárá.

Ọ̀rẹ́Ekòló:
Ọ̀rọ̀ kọ́mpóòsì ọ̀hún gan-an ló kù. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde, kó sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ dì í sínú ọ̀rá fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí ọ̀rá náà bá wú, tó sì ń ta yín nímú bí ìtọ̀, kò tíì jinná. Èyí tí kò tíì jinná máa ń tú èròjà tó ń yọ́ sínú omi jáde, èròjà náà á sì gbé bàbà rìn lọ sísàlẹ̀.

Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe é láìyẹ̀ ẹ́ wò, torí bàbà àti síǹkì tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ wọn. Bákan náà ni lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú: ó lè ní ásẹ́níìkì, kúrómíọ̀mù àti bàbà nínú.

Ọlọ́gbàẸ̀fọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. A máa yẹ ásẹ́níìkì wò ná. Ẹ̀fọ́ wo ló yẹ ká yẹra fún?

Èédú_Lọ̀:
Gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ ewé tàbí gbòǹgbò rẹ̀, ní ọdún àkọ́kọ́. Èyí tó ń so èso, bíi tòmátò àti ata, ló sàn jù. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ewé, ẹ fi pákó tí kò ní oògùn yí ebè ká, kẹ́ ẹ kó ilẹ̀ mìíràn sínú rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀fọ́ lọ ni eruku. Oṣù Kìíní 2024 ni EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, dín ìwọ̀n òjé tó yẹ kí wọ́n fura sí ní àyíká ilé kù láti 400 sí 200 mg/kg, nítorí àwọn ọmọdé. 310 ti kọjá ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ náà, ẹ sì wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Kọ́mpóòsì náà á máa jẹrà lọ, torí náà lọ́dọọdún ni kẹ́ ẹ máa wọn pH, kẹ́ ẹ sì fi kọ́mpóòsì kún un.